Ọwọ́ Tí Ẹ Fi Ń Gbé Fáìlì Síta Ni Olè Ń Ṣọ́

Ẹnikẹ́ni tó bá ṣì ń fi FTP gbé fáìlì ìkànnì rẹ̀ lọ sí sáfà, kó jáwọ́ lónìí. Kó má dúró di ìgbà tí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá parí. Kó má sì sọ pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń lò ó, nǹkan kan ò ṣe òun. Olè tó wọ ìkànnì èèyàn kì í kan ilẹ̀kùn, kì í sì í pariwo pé òun ti dé. Ó lè ti lo oṣù mélòó kan níbẹ̀ kí ẹni tó ni ìkànnì tó mọ̀ pé òun ní àlejò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣe ìkànnì fún ṣọ́ọ̀ṣì, fún iléèwé, fún oníṣòwò, ní Ìkẹjà, ní Ìbàdàn, ní Kùtọnu, ẹ̀yin ni mo ń bá wí, pẹ̀lú ẹ̀yin tó ń sanwó iṣẹ́ náà fún wọn. Mo mọ bó ṣe máa ń rí. Oníbàárà ti ń pè láti àárọ̀ pé ìgbà wo ni ìkànnì òun máa jáde. Iná ti lọ, dátà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù lẹ fi ń ṣiṣẹ́ lórí láàpútọ́ọ̀pù. Inú ìkánjú yẹn gan-an ni gbogbo àṣìṣe tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ yìí ti ń wáyé, torí ohun kan ṣoṣo tó wà lọ́kàn yín ni pé kí fáìlì ṣáà débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọ̀nà tí fáìlì ń gbà. Oṣù kẹrin ọdún 1971 ni Abhay Bhushan, ọmọ Íńdíà tó ń kàwé ní MIT ní Amẹ́ríkà, kọ ìlànà FTP àkọ́kọ́ sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó so mọ́ra nígbà náà kò pọ̀, àwọn tó ń lò wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ara wọn tán. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa bẹ̀rù pé àjèjì kan lè jókòó sáàárín ọ̀nà kó máa tẹ́tí. Ìlànà tí à ń lò títí dòní, ọdún 1985 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, orí ìfọkàntán àtijọ́ yẹn náà ló sì dúró lé. Orúkọ tí ẹ fi ń wọlé àti páásíwọ́ọ̀dù yín ń kọjá láìsí ìbòrí kankan, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ẹ̀rọ tó wà láàárín yín àti sáfà ló lè kà á. Ẹni tó bá fi FTP wọlé lórí Wi-Fi ọ̀fẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ní pápákọ̀ òfurufú kò yàtọ̀ sí ẹni tó jókòó nínú mọ́tò akérò ní Òṣòdì, tó ń pe nọ́ńbà àṣírí káàdì ATM rẹ̀ sókè.

Ewu yìí kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Ní ọdún 1995, àwọn olè ti ẹ̀rọ tó ń jí páásíwọ́ọ̀dù gbọ́ bọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Helsinki ní Finland. Ọ̀gbẹ́ni Tatu Ylönen, tó wà ní yunifásítì náà, kò wulẹ̀ kédàárò kó sì lọ sùn. Ó jókòó, ó kọ SSH, ọ̀nà tó ń fi àṣírí bo gbogbo ohun tó bá gba inú rẹ̀ kọjá. FTP ń lo pọ́ọ̀tù 21, telnet tí òun náà kò ní ìbòrí ń lo 23. Ylönen béèrè fún 22 tó wà láàárín wọn, wọ́n sì fún un. Orí SSH yìí ni SFTP ń gbà ṣiṣẹ́. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí oògùn ti wà nílẹ̀. Ní ọdún 2021, Firefox àti Chrome méjèèjì yọ FTP kúrò nínú ara wọn pátápátá. Kí ló wá dé tí àwa ò yọ tiwa? Ìdí kan ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ họ́sítíìn kan, tó ń fi sáfà háyà fún wa, ṣì ń kọ FTP sínú lẹ́tà tí wọ́n fi ń kí oníbàárà káàbọ̀. Ìdí kejì ni pé bí ọ̀gá ṣe kọ́ wa la ṣe ń ṣe é, ọ̀gá náà ò sì tíì padà lọ kọ́ tuntun.

Ohun tí ẹ máa ṣe kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí FileZilla lẹ fi ń gbé fáìlì, ẹ ṣí ibi tí ẹ kọ orúkọ sáfà yín sí, ẹ pààrọ̀ ìlànà láti FTP sí SFTP, kí ẹ sì kọ pọ́ọ̀tù tí ilé-iṣẹ́ họ́sítíìn fún yín, èyí tó sábà máa ń jẹ́ 22. Bí wọn ò bá ní SFTP, ẹ yan FTP tó ní ìbòrí TLS, kí ẹ sì mú èyí tó sọ pé dandan ni ìbòrí náà, kì í ṣe èyí tó sọ pé "bó bá wà." Bí ilé-iṣẹ́ kan bá sọ fún yín pé àwọn ò ní ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ kó ẹrù yín kúrò lọ́dọ̀ wọn. Mi ò rí àwáwí kankan tó lè gbè wọ́n.

Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá fi SFTP wọlé, ẹ ó rí ìbéèrè kan tó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà jàgbàjàgbà, tó ń bi yín bóyá ẹ mọ sáfà yìí. Àmì ìdánimọ̀ sáfà náà nìyẹn. Ẹ bi ilé-iṣẹ́ họ́sítíìn bóyá tiwọn ni. Bí ìkìlọ̀ bá wá yọ lọ́jọ́ mìíràn pé àmì náà ti yí padà, ẹ má tẹ OK. Ẹ dúró. Ó lè jẹ́ pé wọ́n pààrọ̀ sáfà, ó sì lè jẹ́ pé ẹlòmíì ló dúró sí ipò sáfà yín tó fẹ́ gba páásíwọ́ọ̀dù. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. OK títẹ̀ ti mọ́ èèyàn wa lára jù, mo sì bẹ̀ yín, ẹ má fi ìkánjú tẹ èyí.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà lè mọ́ kí ilé má mọ́. Ní ọdún 2009, fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Gumblar jà káàkiri ayé. Ẹni tó bá ṣèèṣì wo ìkànnì tó ti kó o, tí Adobe Reader tàbí Flash orí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì ti gbó, fáírọ́ọ̀sì náà á wọ kọ̀ǹpútà rẹ̀, á wá páásíwọ́ọ̀dù FTP kàn, á fi í ránṣẹ́ sí àwọn tó rán an níṣẹ́. Àwọn wọ̀nyẹn á wá fi páásíwọ́ọ̀dù náà wọ ìkànnì onítọ̀hún, wọ́n á ki kóòdù wọn bọ̀ ọ́, àwọn tó bá wo ìkànnì yẹn náà á tún kó o. Ọwọ́ ẹni tó ń ṣe ìkànnì ni àrùn náà ń gbà dé ara àwọn oníbàárà rẹ̀. Kò fọ́ ilẹ̀kùn kankan. Kọ́kọ́rọ́ ló lò.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni FileZilla fi ń tọ́jú páásíwọ́ọ̀dù sínú fáìlì kan lásán tí ẹnikẹ́ni tó bá dé orí kọ̀ǹpútà náà lè kà. Ọdún 2017 ni wọ́n fi páásíwọ́ọ̀dù àgbà sí i, èyí tó lè ti àwọn yòókù pa, ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa lọ tan án nínú ètò rẹ̀. Nígbà tí ọdún 2014 bẹ̀rẹ̀, ilé-iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà Avast ké gbàjarè pé ayédèrú FileZilla ti wà níta, tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tí ojú rẹ̀ jọ ti gidi, àmọ́ tó ń fi páásíwọ́ọ̀dù ẹni tó bá lò ó ránṣẹ́ sí olè. Nítorí náà, ibi tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà gbé e sí gan-an ni kí ẹ ti gbà á. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tó ní in lórí fúláàṣì, ẹ má sì gbà á ní ìkànnì tó ń pín sọ́fúwíà ọ̀fẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dẹ́kun fífi páásíwọ́ọ̀dù họ́sítíìn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Oníbàárà á fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ṣe ìkànnì, ẹni yẹn á tún fi ránṣẹ́ sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ á ya fọ́tò rẹ̀ kó má bàa gbàgbé. Bí wọ́n bá jí ọ̀kan ṣoṣo nínú fóònù mẹ́ta yẹn ní ọjà, ìkànnì bá a lọ.

Ní báyìí, ká wá sọ ti ibi tí fáìlì ń balẹ̀ sí. Lórí ọ̀pọ̀ họ́sítíìn, fódà kan wà tí wọ́n ń pè ní public_html. Ohun tó bá ti wọ ibẹ̀, gbogbo ayé lẹ gbé e fún. Àwọn kan máa ń rò pé bí àwọn ò bá ṣáà ti fi líǹkì rẹ̀ sórí ojú ewé kankan, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ìtànjẹ gbáà ni. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa lọ láti ìkànnì dé ìkànnì, tọ̀sán tòru, kí wọ́n máa béèrè backup.zip, old.zip, db.sql, .env, wp-config.php.bak. Wọn ò mọ̀ yín, wọn ò sì bìkítà bóyá ìkànnì yín tóbi tàbí ó kéré. Ẹ ṣí ìwé tí sáfà ń kọ àwọn àbẹ̀wò sí, ẹ ó rí ẹsẹ̀ wọn níbẹ̀.

Fáìlì .bak yẹn ń dùn mí, nítorí pé àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ dáadáa ló sábà máa ń kó sí i. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .php, sáfà kì í gbé inú rẹ̀ jáde fún àlejò. Ńṣe ló máa ń jẹ́ iṣẹ́ tó wà níbẹ̀, tó sì ń fi àbájáde rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹnì kan wá fẹ́ tún wp-config.php ṣe, fáìlì tí WordPress ń kó ọ̀rọ̀ dátábéèsì rẹ̀ sí. Ó ṣọ́ra, ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó sọ ẹ̀dà náà ní wp-config.php.bak. Lójú sáfà, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ mọ́, ìwé lásán ni. Ẹni tó bá béèrè rẹ̀, sáfà á kó gbogbo rẹ̀ fún un: orúkọ dátábéèsì, páásíwọ́ọ̀dù dátábéèsì, gbogbo rẹ̀ pátá. Bákan náà ni fáìlì .env. Bákan náà ni fódà .git tí ẹ gbé pọ̀ mọ́ àwọn tó kù láìmọ̀. Ẹni tó bá rí i kó ti kó gbogbo ìtàn iṣẹ́ náà lọ, títí kan páásíwọ́ọ̀dù tí ẹ rò pé ẹ ti pa rẹ́ lóṣù tó kọjá.

Ẹ wo ohun tí orúkọ fáìlì kan ṣoṣo lè fà. Plugin WordPress kan wà tó ń jẹ́ File Manager, tí àwọn èèyàn fẹ́ràn torí pé ó ń jẹ́ kí wọ́n gbé fáìlì sórí sáfà láìlo FTP rárá. Àwọn tó ṣe é mú fáìlì kan láti ara iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì, fáìlì àpẹẹrẹ tí orúkọ rẹ̀ parí sí .dist kó má bàa lè ṣiṣẹ́. Wọ́n gé .dist kúrò, orúkọ náà wá parí sí .php. Ìyẹn nìkan ni. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni láyé, láìní páásíwọ́ọ̀dù, lè gba ibẹ̀ gbé fáìlì tó bá wù ú sórí ìkànnì. Nígbà tí àṣírí tú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, ìkànnì tó lé ní 700,000 ló ń lo plugin náà, àwọn olè sì ti ń wọlé kí wọ́n tó gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde. Mo ń sọ èyí fún ẹni tó bá ń rò pé òun bọ́ lọ́wọ́ ewu torí pé inú WordPress lòun ti ń gbé fáìlì. Ẹ yọ irú plugin bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tó sì ń fi plugin Duplicator kó ìkànnì láti ibì kan sí òmíràn, ẹ rí i pé installer.php tó máa ń fi sílẹ̀ kò sùn síbẹ̀ mọ́jú. Ní ọdún 2018, ara rẹ̀ ni wọ́n gbà wọ ìkànnì àwọn tó gbàgbé láti pa á rẹ́.

Ti 777 kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí nǹkan bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ẹnì kan á sọ fún yín pé kí ẹ sọ àṣẹ fáìlì di 777. Ó túmọ̀ sí pé gbogbo ẹni tó wà lórí sáfà náà lè kọ nǹkan sí i. 755 ni ti fódà, 644 ni ti fáìlì. Èyí tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ẹ wá ìdí rẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí tó kàn dáadáa, torí pé ó ti di àṣà láàárín wa. Theme tàbí plugin tí wọ́n ń tà ní dọ́là mélòó kan, tí ẹnì kan ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tó wá ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ má gbé e sórí ìkànnì ẹnikẹ́ni. Ẹni tó já kọ́kọ́rọ́ náà ò ṣe é torí àánú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ ààbò ìkànnì Wordfence tú àṣírí kóòdù burúkú kan tó ń jẹ́ WP-VCD. Àwọn tó wà nídìí rẹ̀ ní àwọn ìkànnì tó rẹwà, tí Google ń gbé sókè bí èèyàn bá wá theme ọ̀fẹ́, kóòdù wọn sì wà nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń pín. Bí ẹ bá ti gbé ọ̀kan wọlé, kò ní dúró sórí ìkànnì yẹn nìkan; á tàn dé gbogbo ìkànnì tó wà nínú àkáǹtì họ́sítíìn kan náà. Ẹ̀yin tó kó ìkànnì oníbàárà mẹ́wàá sínú àkáǹtì kan kí owó lè dínkù, ṣé ẹ gbọ́? Theme ọ̀fẹ́ tí ẹ fún oníbàárà kan ṣoṣo lè ba ti àwọn mẹ́sàn-án yòókù jẹ́. Ọwọ́ ara yín sì lẹ fi gbé e síbẹ̀. Kò sí páásíwọ́ọ̀dù tó lè gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn.

Àwọn kan á ní, "Kí ni olè fẹ́ fi ìkànnì iléèwé kékeré ṣe?" Nínú dátábéèsì iléèwé kékeré yẹn ni orúkọ àwọn ọmọ wà, ọjọ́ ìbí wọn, fọ́tò wọn, àdírẹ́sì ilé wọn, nọ́ńbà fóònù ìyá wọn. Oníjìbìtì tó bá mọ orúkọ ọmọ, kíláàsì rẹ̀ àti nọ́ńbà ìyá rẹ̀ ti ní gbogbo ohun tó nílò láti pe obìnrin náà lọ́sàn-án gangan pé ọmọ rẹ̀ fara pa, kó tètè fi owó ránṣẹ́. Ọmọ ọdún méje kò bá yín ṣe àdéhùn kankan. Ẹ̀yin ni òbí rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ìkáwọ́ láìmọ̀ yín rí.

Àwọn ńlá náà kò bọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa tó wà ní ìlú Ọba ló máa ń wọ bàálù British Airways. Ní ọdún 2018, olè fi páásíwọ́ọ̀dù òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ wọ inú ẹ̀rọ wọn. Nígbà tó dé inú, ó rí páásíwọ́ọ̀dù alábòójútó àgbà nínú fáìlì kan, láìsí ìbòrí. Láti ibẹ̀ ló ti dé ibi tó ti yí fáìlì JavaScript kan ṣoṣo padà lórí ìkànnì náà, tó wá ń da nọ́ńbà káàdì àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ sí ibòmíì. Ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà tó lé ní 400,000 ló fọwọ́ kàn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, àjọ tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ní Britain bu ìtanràn £20 mílíọ̀nù lé wọn.

Nàìjíríà náà ti ní òfin tirẹ̀. Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 ni wọ́n fọwọ́ sí Òfin Ààbò Ìsọfúnni. Ìtanràn tó wà nínú rẹ̀ lè tó mílíọ̀nù ₦2, tàbí mílíọ̀nù ₦10 fún àwọn tí òfin kà sí pàtàkì, tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún wọn lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù. Ẹ̀yin tó ni iléèwé, ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn, ẹ̀yin ìyálọ́jà tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má rò pé ọmọkùnrin tó bá yín ṣe ìkànnì ni òfin máa kọ́kọ́ wá. Ẹ̀yin tí ẹ gba ìsọfúnni lọ́wọ́ àwọn èèyàn ló máa wá.

Nítorí náà, orúkọ yín àti ímeèlì yín ni kó wà lórí àkáǹtì họ́sítíìn, kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ẹni tó ṣe iṣẹ́. Ẹ ṣí ọ̀nà ìwọlé ọ̀tọ̀ fún un, kí ẹ sì ti ọ̀nà náà ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí. Mo mọ̀ pé ó máa ń ti èèyàn lójú láti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́ fún un tọkàntọkàn. Ẹ gbà á. Òun náà á bọ́ nínú ìfura lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ họ́sítíìn bá ní ètò tó ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí fóònù kí èèyàn tó wọlé, ẹ tan án. Páásíwọ́ọ̀dù nìkan kò tó: ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ họ́sítíìn GoDaddy kéde pé olè ti wọ ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìkànnì WordPress àwọn oníbàárà, ìsọfúnni oníbàárà tó tó mílíọ̀nù 1.2 sì ti tú, páásíwọ́ọ̀dù SFTP wà lára rẹ̀.

Ẹ má sì fi ẹ̀dà ìpamọ́ sí orí sáfà kan náà. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2021, iná jó ilé tí ilé-iṣẹ́ họ́sítíìn OVH kó sáfà sí ní Strasbourg ní Faransé, ilé alájà márùn-ún odidi kan jóná tán. Àwọn tí ẹ̀dà ìpamọ́ wọn wà nínú ọgbà kan náà ló pàdánù gbogbo rẹ̀.

Bí wọ́n bá ti wọ ìkànnì yín ńkọ́? Ẹ má sáré lọ pa fáìlì àjèjì tí ẹ rí rẹ́ kí ẹ wá sọ pé ó ti tán. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé òmíràn wà níbi tí ẹ ò tíì dé. Ẹ ya ẹ̀dà ohun gbogbo bó ṣe wà, torí pé ẹ̀rí ni. Lẹ́yìn náà, kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń gbé fáìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí bí olè bá wà níbẹ̀, gbogbo páásíwọ́ọ̀dù tuntun tí ẹ bá ṣe ló máa rí. Kí ẹ wá pààrọ̀ ti họ́sítíìn, ti SFTP, ti dátábéèsì, ti ímeèlì àti ti gbogbo ẹni tó lè wọ inú ìkànnì náà, kí ẹ sì yọ orúkọ tí ẹ ò bá mọ̀. Ẹ kó public_html dànù pátápátá, kí ẹ gbé fáìlì tó mọ́ padà síbẹ̀ láti inú ẹ̀dà tí ẹ ti pa mọ́ kí olè tó dé, kí ẹ sì gba WordPress, theme àti plugin tuntun lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n. Bí ìsọfúnni èèyàn bá ti jáde lọ́nà tó lè pa wọ́n lára, wákàtí 72 péré ni òfin fún yín, láti ìgbà tí ẹ bá ti mọ̀, láti fi tó Àjọ Ààbò Ìsọfúnni ti Nàìjíríà létí. Ẹ má fi ìtìjú lo wákàtí yẹn tán. Ẹ pe àwọn òbí, ẹ pe àwọn oníbàárà, ẹ sọ ohun tó jáde fún wọn gan-an, kí wọ́n lè mọ irú ìpè tí wọn ò gbọdọ̀ dá lóhùn.